Kọ̀ǹpútà Tó Máa Ń Wẹ̀ Lálaalẹ́

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkùnrin tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: kò sí ohun tí wọ́n máa sọ fún un tó máa jẹ́ kí wọ́n sọ parí. Á ti ní òun ti mọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó fi ṣeré pé ìbejì ni. Ọkọ ní, "Mo ti mọ̀." Lọ́jọ́ kejì obìnrin náà ní àwàdà lòun ń ṣe, ọmọ kan ni. Ọkọ ní òun ti mọ ìyẹn náà. Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Pọ́ọ̀ṣì fóònù ló ń tà, lórí tábìlì kan létí títì. Nítorí pé ó ń wọ aṣọ fún fóònù, ó gbà pé òun ni dókítà wọn, àti ti gbogbo ohun tó bá ń lo iná. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo-ti-mọ̀ kì í wà níbì kan kí ẹ̀rọ ibẹ̀ má bàjẹ́ sí i.

Oòrùn ló ń bá a jà. Pọ́ọ̀ṣì tó pupa lápá kan ti funfun lápá kejì, àwọn oníbàárà sì ń bi í bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bàbá ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, ní yàrá kan tó kọjú sí títì, kò sì sẹ́nì kan níbẹ̀. Yàrá yẹn ni Mo-ti-mọ̀ ń wá. Àmọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, pọ́ḿbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, náà ń wá ibi tó máa kó páìpù rẹ̀ sí. Bàbá ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Bàbá ní kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan. Tó bá tàn án kó tó wọ ilé ìwẹ̀, ó máa wẹ̀, á para, á wọṣọ, á sì tún bá a níbi tó ti ń yí. Ó fẹ́ fi kọ ìtàn ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ, kí àwọn ọmọ-ọmọ tí kò bá a láyé lè mọ irú èèyàn tó jẹ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò gbà.

"Bàbá, Línúùsì lẹ máa fi sí i," ni Mo-ti-mọ̀ wí.

"Kí ni Línúùsì?"

"Ètò tó máa ń mú arúgbó kọ̀ǹpútà ta kébékébé ni." Ẹnu oníbàárà kan ló ti gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ. Obìnrin náà kó fíláàṣì, ohun ìpamọ́ kékeré tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà, sínú abọ́, oríṣiríṣi Línúùsì ló wà nínú wọn.

"Ẹ fún mi ní èyí tó le jù," ni Mo-ti-mọ̀ wí.

"Èyí tó le jù, ọ̀gá, aṣọ tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín rán kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ ni. Èyí ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti rán an tán, kò sì wúwo fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà."

Mo-ti-mọ̀ wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Torí Bàbá ni màá ṣe gbà á. Ká ní tèmi ni, èyí tó le yẹn ni mo fi ń panu láàárọ̀."

"Kò burú. Ẹ ki í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tàn án. Inú fíláàṣì ló ti máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ lè dán an wò. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá—"

"Mo ti mọ̀." Ó ti dá títì kọjá.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn ò sọ tẹni tó béèrè tán tó wá sá lọ kí wọ́n tó júwe.

Lójú pọ́ḿbà, lójú ìyàwó, ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tàn án. Kọ̀ǹpútà ṣí kí Bàbá tó rí awò ojú rẹ̀ wọ̀. Bàbá fi fọ́tò olóògbé sójú rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àna mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, ká jọ sọ ọ́ lópin ọ̀sẹ̀."

Mo-ti-mọ̀ ti ń fojú wọn ibi tó máa kan ìṣó sí. Ìyàwó rẹ̀ na ìka sójú kọ̀ǹpútà. "Bàbá ọmọ mi, kí lèyí tí wọ́n kọ 'Fi sórí ẹ̀rọ' sí yìí?"

"Ìpolówó ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì Bàbá tan kọ̀ǹpútà. Fọ́tò ò sí níbẹ̀ mọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó mọ̀ ọ́n lánàá tún ń bi í ní páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n pe Mo-ti-mọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà sókè, ó sì wo abẹ́ rẹ̀.

"Ó wẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó wẹ̀. Bí tuntun ṣe ń ṣe nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti pa á lálẹ́, á fọ gbogbo ara ẹ̀, kí kòkòrò má bàa ràn án."

Bàbá rò ó títí. "Ìyá àwọn ọmọ mi náà fẹ́ràn ìmọ́tótó," ó ní, ó sì fi fọ́tò náà padà.

Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Mo-ti-mọ̀ ò sá dé ìrọ̀lẹ́. Ó wà nídìí tábìlì rẹ̀ nígbà tí Bàbá pè é.

"Àna mi, mo ti kọ ọ́ tán. Látọjọ́ tí òun àti èmi jà nítorí ẹrù ẹ̀ nínú ọkọ̀ mi, títí dé ọjọ́ tó fi mí sílẹ̀. Mo sunkún díẹ̀. Mo fẹ́ pa á báyìí, kó lè lọ wẹ̀."

Mo-ti-mọ̀ fi tábìlì sílẹ̀, ó fi pọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó sá eré tí kò sá rí látìgbà tó ti gbéyàwó. Ìka Bàbá ti wà lórí bọ́tìnì nígbà tó wọlé. Pọ́ḿbà wà nídìí ẹ̀rọ omi tó ń tún ṣe, ìyàwó Mo-ti-mọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ má pa á, Bàbá."

"Àkókò ìwẹ̀ ẹ̀ ti tó."

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí díẹ̀."

"Ṣé kòkòrò ò ní ràn án ni?"

"Ìdọ̀tí ọjọ́ kan ò pa kọ̀ǹpútà, Bàbá."

Ó pe obìnrin onífíláàṣì. Fóònù dókítà fóònù ò ṣeé fetí gbọ́ mọ́, àfi kó fi sórí sípíkà, nítorí náà gbogbo ilé ló jọ gbọ́ ọ.

"Ṣé ẹ ti tẹ 'Fi sórí ẹ̀rọ'?" lobìnrin náà bi í.

Gbogbo wọn wo ìpolówó.

"Ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́? Inú ìdánwò lẹ ṣì wà nìyẹn, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀rọ. Tí Bàbá bá ti kọ nǹkan, fíláàṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ yẹn, ẹ—"

"Mo ti mọ̀," ni Mo-ti-mọ̀ wí, ó sì pa fóònù. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Inú fíláàṣì yìí ni gbogbo ẹ̀ wà." Ó sì fà á yọ bí ẹni yọ eyín.

Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Ó ṣókùnkùn. Nígbà tí wọ́n tún un tàn, ògbólógbòó àtijọ́ ló padà wá, ó ń yí, ó ń yí.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "A jẹ́ pé ó tún kú nìyẹn," ó ní.

Mo-ti-mọ̀ ń retí kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Ojú ń tì í débi pé kò rántí sọ pé òun ti mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló wọlé, ó gbé fóònù síwájú bàbá rẹ̀. Ó ti ya ọ̀rọ̀ náà ní fọ́tò, ojú ewé kan tẹ̀ lé ìkejì, látìgbà tí Bàbá ti ní kọ̀ǹpútà fẹ́ wẹ̀. Ẹnì kan wà tó mọ nǹkan nínú ilé yẹn. Ó mọ ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì obìnrin onífíláàṣì fúnra rẹ̀ wá tẹ ìpolówó náà, ìyàwó Mo-ti-mọ̀ sì tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tẹ̀ láti inú fọ́tò. Ó dúró síbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, Bàbá pe àwọn àna rẹ̀ méjèèjì. "Mo-ti-mọ̀, mo fún ọ ní yàrá iwájú."

"Mo ti—"

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ìdánwò ni. Láràárọ̀, kó ẹrù ẹ wọlé. Lálaalẹ́, kó gbogbo ẹ̀ jáde, kí yàrá lè wẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ á máa wà lọ́wọ́ pọ́ḿbà."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ máa rí Mo-ti-mọ̀ tó ń kó pọ́ọ̀ṣì jáde, tó ń kó tábìlì jáde, tó ń fa ìṣó yọ lára ògiri. Àwọn tó ń kọjá a máa bi í pé kí ló dé.

"Ètò tuntun ni," á ní. "Yàrá yìí máa ń wẹ̀."