Ta Ni Yóò Gba Bùrọ̀dá Àgbà Lálejò?

Ọ̀sán ni, nínú yàrá ìránṣọ. Màámi ti gbá ègé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń mí hẹlẹ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màámi Àgbà, tó wà nílé tirẹ̀ lọ́hùn-ún, fẹ́ fi mọ́tò sáré nínú géèmù. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò gba Bùrọ̀dá wọn Àgbà lálejò fún oṣù kan gbáko, Bùrọ̀dá tí í hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọmọ Màámi, tí gbogbo ilé ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀, ló ń làágùn jù, nítorí orí ibùsùn tirẹ̀ ni wọn yóò tẹ́ àlejò náà sí.

MÀÁMI: (ó ń dánra wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀) Wò ó, mọ́tò mi tún dúró. Mo ní kó lọ, ó ń rò ó wò!

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀. Àwòrán ló wúwo jù fún un. Kọ̀ǹpútà yìí ti darúgbó, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n wọ sẹ́tíǹgì, kí n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

MÀÁMI: Ta ló darúgbó? Ọdún tí o wọ yunifásítì la rà á. Òun ò sì kùnà ìdánwò kankan.

MO-TI-MỌ̀: (ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́) Òjìji nìyí. Òjìji igi, òjìji mọ́tò, òjìji ẹyẹ, gbogbo ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń yà. Mo ti yọ ọ́.

MÀÁMI: Nínú oòrùn ọ̀sán gangan? Mọ́tò mi ò wá ní òjìji? Wọ́n á ní iwin ló ń wà á!

MO-TI-MỌ̀: Ó kan igi.

MÀÁMI: Fi ọ̀kan sílẹ̀ ní kọ́nà yẹn. Ìdí rẹ̀ ni mo ti ń yà.

MO-TI-MỌ̀: Ẹyọ kan ò ṣeé fi sílẹ̀. Púpọ̀, díẹ̀, tàbí kó má sí rárá.

MÀÁMI: Ẹyọ igi kan! Ṣé igi ti wá wọ́n tó báyẹn ni?

MO-TI-MỌ̀: Mo ti kó ìkuukùu náà kúrò.

MÀÁMI: Ìyẹn dáa. Mo sá aṣọ síta.

(Mo-Ti-Mọ̀ fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó padà sí sẹ́tíǹgì.)

MO-TI-MỌ̀: Ó ku àwọn òǹwòran tó tò sétí títì. Tí mo bá kó wọn kúrò, mọ́tò á máa fò ni.

MÀÁMI: Kó wọn, jàre. Wọ́n ń dá mi dúró. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà yẹn ni mo ń tẹ bíréèkì.

MO-TI-MỌ̀: Ẹ ń tẹ kí ni?

MÀÁMI: Kí n lè kí wọn ni! Ṣé kí n da eruku bo àgbà lójú, kí n máa lọ?

MO-TI-MỌ̀: (ó di orí mú) Látàárọ̀ ni mo ti ń bú kọ̀ǹpútà!

(Ó kó gbogbo òǹwòran dànù. Títì dá páropáro.)

MÀÁMI: Áà! Ṣé ogun dé ni?

(Eré bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò Màámi gbéra fìì, kò dúró níbì kankan.)

MÀÁMI: Yéè! Ó ń lọ! Ọmọ mi, o mọ̀wé!

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀! Ẹ má wo ojú mi, títì ni kẹ́ ẹ wò! Mọ́tò pupa Màámi Àgbà ti wà lẹ́yìn pátápátá. Òpin rèé! Ibùsùn mi, ibùsùn mi!

(Ó ku díẹ̀ kí Màámi kọjá ìlà òpin, mọ́tò rẹ̀ dúró gbagidi.)

MO-TI-MỌ̀: Kí ló tún dé? Mo ti dín gbogbo nǹkan kù!

MÀÁMI: Má bú u. Èmi ni mo tẹ bíréèkì. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn. Ṣé kí n ṣáájú ẹni tó pọ̀n mí dàgbà wọlé ni?

(Mọ́tò pupa kọjá lára tiwọn, ó wọlé. Màámi kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú oríire. Mo-Ti-Mọ̀ tún ti wọ sẹ́tíǹgì, ó ń wá nǹkan kiri pẹ̀lú omijé lójú.)

MÀÁMI: Kí lo tún ń wá níbẹ̀? Eré ti parí.

MO-TI-MỌ̀: Ibi tí wọ́n ti ń dín ọ̀wọ̀ kù.

MÀÁMI: Tí o bá rí i, gbé tìrẹ sókè dáadáa. Bùrọ̀dá ti wà lọ́nà.