Káfíńtà Tó Gbàgbé Orúkọ Ara Rẹ̀

Ó ku díẹ̀ kí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gbọ̀ngàn. Lórí ìtàgé, òǹkọ̀wé di ìwé eré àkọ́kọ́ tó kọ láyé rẹ̀ mú. Níwájú rẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, báńdéèjì lórí. Káfíńtà ni, òun ló kan bẹ́ẹ̀dì náà, òun náà sì ni olórí òṣèré.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú ní ọsibítù. Ẹ ò mọ orúkọ yín. Ẹ wá ní..."

"Mo wá ní kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

"Àna mi, mi ò mọ orúkọ ara mi, o wá fẹ́ kí n mọ ọ̀rọ̀ tó kún ojú ìwé méjì. Ṣé ìyẹn bọ́gbọ́n mu?"

"Ẹni inú eré ló gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ṣebí èmi ni ẹni inú eré."

"Tí iná ìtàgé bá ti tàn nìkan."

Káfíńtà gbójú sókè wo iná tó wà lókè orí rẹ̀. "Ó ń tàn."

Òǹkọ̀wé mí kanlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ń bọ̀ wá jókòó sí iwájú níbí lálẹ́ òní. Látọjọ́ tí mo ti ní eré ni mo fẹ́ máa kọ ni wọ́n ti ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa wáṣẹ́. Tí èyí bá dàrú lójú wọn, àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa bá mi ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti bá mi wá sílẹ̀."

"Mo mọ bàbá. Ohun tí èmi náà fẹ́ béèrè ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè."

"Kí ni?"

"Ọkùnrin yìí gbàgbé orúkọ rẹ̀, ó gbàgbé ilé rẹ̀, ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe lajú báyìí, ó ní, 'Dókítà, ibo ni mo wà?' Ta ló sọ fún un pé dókítà nìyẹn?"

"Aṣọ funfun ló wọ̀."

"Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò wa náà ń wọ aṣọ funfun."

"Kò sí oníbúrẹ́dì ní ọsibítù."

"Ṣé ó wá mọ̀ pé ọsibítù ni? Kí ló dé tó tún ń béèrè ibi tó wà?"

Òǹkọ̀wé ṣí ojú ìwé kan, ó tún pa á dé. "Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ẹ ti dìde, ẹ ń wá ẹni tó dáná sun ilé yín."

"Ó sì wá jẹ́ pé èmi ni."

"Ẹ ò tíì mọ̀."

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn ń wò yín ni, kò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù eré náà wà."

Káfíńtà dìde jókòó. "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń ṣe ìyàwó yẹn?"

"Àwọn ni."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo fẹ́ yìí. Tí mo bá gbàgbé ife sórí tábìlì, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti gbọ́ tèmi. Mo wá dáná sun odidi ilé, ó ń wò mí láìsọ̀rọ̀?"

"Eré ni, bọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Bàbá tó bí i ńkọ́? Wọ́n máa dìde níwájú níbẹ̀ ni, wọ́n á ní ẹni yìí kì í ṣe ọmọ àwọn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára àga tí bàbá rẹ̀ máa jókòó sí láàárín ìlà iwájú, ẹ̀rín náà sì gbẹ. Ó ronú díẹ̀.

"Ó dáa, bọ̀dá, ẹ borí. Ẹni tó gbàgbé ara rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ kàn máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Káfíńtà na ẹsẹ̀ padà. "Ìwé tó o kà ò já sásán."

"Ó wá ku apá ìparí, níbi tí ọkùnrin náà ti rántí ohun gbogbo, tó di ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó ti rántí ara rẹ̀, ẹlòmíì ti nìyẹn. Kò ní bọ́gbọ́n mu kẹ́nì kan náà ṣe méjèèjì. Bíríkìlà tó ń ṣe ọlọ́pàá ti há ibẹ̀ sórí, màá ní kó bọ́ sí i."

"Bíríkìlà wo?"

"Bíríkìlà wa náà. Èyí tó máa ń wá sílé wa kí ẹ̀yin tó dé."

"Tó ń wá ṣe kí ni?"

"Ó máa ń wá kí àǹtí mi."

"Òun ló máa wá di ìyàwó mi mọ́ra níṣojú gbogbo èèyàn?"

"Ìyàwó ẹni inú eré ni," òǹkọ̀wé fèsì jẹ́ẹ́. "Tí iná ìtàgé bá ti tàn."

Bẹ́ẹ̀dì dún gbì. Káfíńtà ti wà lórí ìdúró. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Dókítà, ibo ni mo wà? Ta ni mí? Ta ló dáná sun ilé mi?" Ó sì tú ọ̀rọ̀ ojú ìwé méjèèjì sílẹ̀ dópin, kò fo ẹyọ kan, kò dúró mí, àfi bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìsọdipúpọ̀ níwájú tíṣà.

Ojú òǹkọ̀wé kọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí káfíńtà fi máa dé ìdajì, ojú náà ti ń ṣú padà.

"Kí ló dé? Ṣé mo fo nǹkan ni?"

"Ẹ ò fo nǹkan kan."

"Kí ló wá ṣe ojú ẹ báyẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n jù, bọ̀dá. Ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Bàbá mi ò ní gbà á gbọ́." Ó jókòó wọ̀ọ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàgbé díẹ̀ níbẹ̀."

 Káfíńtà ti ọwọ́ bọ abẹ́ báńdéèjì, ó yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó nà án sí i.

"Ó yá, sàmì sí gbogbo ibi tí mo ti máa gbàgbé, kí n tètè há a sórí kí bàbá tó dé."