Ọwọ́ Tí Orrin Nà Sókè

Ọjọ́ ìpàdé ìlú ni, ní East Corley, ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpàdé dúró kí àwọn èèyàn lè jẹun. Orrin Wheelock, ẹnì kan ṣoṣo tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, wọlé bá Lucille Thibault, akọ̀wé ìlú, nídìí abọ́ ẹ̀wà rẹ̀. Níta, yìnyín ń já bọ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀.

ORRIN: Àǹtí Lucille, ẹ jẹun dáadáa o. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

LUCILLE (ṣíbí há sí i lẹ́nu): Iṣẹ́ wo?

ORRIN: Èwo ni mo tún ní? Ní òdìkejì odò, ní New Hampshire, owó wákàtí kan fi dọ́là mẹ́fà ju tibí lọ. Ọ̀la ni mo ń bẹ̀rẹ̀.

LUCILLE: Jọ̀ọ́, má dá mi lóró. Ọmọ mi tó wà lórí òkè, ọ̀sẹ̀ yìí ló máa bímọ. Ta ló máa la ọ̀nà fún un? Oṣù keje rèé tí mo ti lẹ̀wé mọ́ ara ilé ìfìwéránṣẹ́ pé a ń wá awakọ̀ kejì. Ṣé o mọ ẹni tó wá?

ORRIN: Ta ni?

LUCILLE: Ajá Gagnon onímàlúù. Ó tọ̀ sí i lára.

ORRIN: Ẹ má bínú sí i. Ó ti ka iye owó tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ni.

LUCILLE: Ṣé èmi ni mò ń pinnu owó rẹ ni? Ṣebí ìlú ló ń dìbò sí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í tán ni: ogójì ní ká fi kún un, mọ́kànlélógójì ní ká má fi kún un.

ORRIN: Ẹ wo ìwà ìkà! Ẹyọ ẹnì kan! Ta ni onítọ̀hún? Òkè yìnyín ni mo máa fi dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

LUCILLE: Ìwọ ni.

ORRIN: Hẹ̀n?

LUCILLE: Èmi ni mo kà á. Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ká fowó kún un nawọ́, o na tìẹ débi pé àga ń mì lábẹ́ ẹ.

ORRIN (ó ń họrí): Ẹ̀yin náà! Wọ́n ní owó orí máa lé. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ti lọ sókè. Bàbá mi ò dìbò fún owó orí rí, bàbá tó bí i ò dì í rí. Ọwọ́ ìdílé ni, Àǹtí, kì í ṣe ọwọ́ mi.

LUCILLE: Ọwọ́ ìdílé ti gba oúnjẹ lẹ́nu ìdílé.

ORRIN: Ó ti parí náà nìyẹn.

LUCILLE: Rárá o. A ò tíì mú ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin ìpàdé wa ní ẹni tó bá wà lára àwọn tó borí lè ní ká tún ìbò dì. O borí, Orrin! O na ara ẹ ní ànàdákú!

ORRIN: Kí n wá dìde lójú gbogbo ìlú, kí n ní kí wọ́n fowó kún owó mi? Ojú á tì mí.

LUCILLE: Èyí tó o ṣe lẹ́ẹ̀kan, ojú tì ẹ́?

ORRIN (ó mí kanlẹ̀): Ó dáa. Èló ni wọ́n máa fi kún owó orí mi?

LUCILLE: Dọ́là mọ́kànlá lọ́dún.

ORRIN: Mọ́kànlá! Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú yìí wọ́n jù o!

LUCILLE: Orrin!

ORRIN: Mo gbọ́, mo gbọ́. Mo máa yí i padà.

LUCILLE (ó ń fi ìka ṣírò): Dúró ná. Gagnon ti lọ fún wàrà màlúù, ẹni tiwa sì ni. Ogójì sí ogójì nìyẹn, ọ̀mì kò sì gbè wá. Darlene ìyàwó ẹ dà?

ORRIN: Darlene? Ọwọ́ méjèèjì nìyẹn ì bá nà. Ó wà nílé. Yìnyín ti dí ọ̀nà wa pa látìgbà tí mo ti jáde.

LUCILLE: Ta ló yẹ kó là á?

Orrin wo àjà. Ó wo ẹ̀wà. Ó tún wo àjà.

ORRIN: Òṣìṣẹ́ ìlú ni. Àtàárọ̀ ló ti jókòó sípàdé.

LUCILLE: Dìde, lọ là á! Lọ gbé e wá! Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí ìpàdé tún bẹ̀rẹ̀. Sáré!

Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìdodo títí dé ọrùn.

ORRIN: Sáré kẹ̀, Àǹtí? Iye tẹ́ ẹ̀ ń san yìí, ìrìn nìkan ló wà nínú ẹ̀.