Bí Akínkúnmi Ṣe Ṣẹ́gun Páìpù Tó Ń Jò

Akínkúnmi ọmọ Ògúnfèyímí, ọmọ a-dáná-sídìí-àgbá-kí-ògùrọ̀-ó-làágùn, ọmọ àwọn tí ń se ògógóró létí òkun Ìlàjẹ tí ẹja inú ibú fi ń gbàgbé ọ̀nà ilé! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jagunjagun àtijọ́ yangàn lójú mi, ẹ jókòó, ẹ panu mọ́, kí n ròyìn ọkùnrin fún yín.

Lọ́jọ́ ogun náà, ògùrọ̀ ti ń hó nínú àgbá nígbà tí ooru ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣìì níbi tí páìpù bàbà ti wọ ọmọrí. Ta ló dí ibẹ̀ láàárọ̀? Akínkúnmi náà ni. Amọ̀ odò ni gbogbo ará ibẹ̀ ń lò, ṣùgbọ́n akọni kì í rìn jìnnà. Ẹrẹ̀ etí òkun ló bù, ẹrẹ̀ oníyọ̀ tó jẹ́ pé bí iná bá ti kàn án báyìí, ó ti là bí gìgísẹ̀ apẹja.

Ìyá rẹ̀, Ìyá Ẹ̀bùn, tó ni ìdí àgbá, kò pariwo. Ó ní bí ọtí òní bá tún fò lọ bíi ti ìjẹta, ìyàwó Akínkúnmi ni yóò gba ìdí iná, kí Akínkúnmi bọ́ sọ́kọ̀ kó máa lọ ṣẹ́gi nínú irà, kó máa bá ẹ̀fọn ṣeré. Fọláyẹmí ìyàwó ti ń ká apá aṣọ sókè.

Há! Òkun kì í ru tó inú akọni. Ẹkùn fò dìde, àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji! Ó wọ̀tún, kò sí amọ̀; ó wòsì, àwo oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló rí, púpurú ẹ̀gẹ́ tó ń gbóná fẹ́lífẹ́lí, tí ọbẹ̀ ẹja tútù ń dúró dè. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn làwọn balógun yín fi ń jagun. Èyí fi oúnjẹ ara rẹ̀ jà, èwo ló nira jù? Ó mí kanlẹ̀, ó bu òkèlè ràbàtà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́jú ihò. Iná jó o lọ́wọ́, ó ké bí ewúrẹ́, kò jáwọ́. Púpurú gan, ó le bí àpáta. Ooru tó ń sá lọ ṣẹ́rí padà sínú páìpù, ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó.

Ìyá Ẹ̀bùn gba díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ó ṣáná sí i, bí wọ́n ti í dán ojúlówó wò. Iná aláwọ̀ aró jó wìn.

“Ó dáa,” ló wí. “Máa dáná lọ. Ṣùgbọ́n kò sí púpurú mìíràn nílé o.”

Fọláyẹmí gbé àwo ọbẹ̀ fún un. “Ọkọ mi, ẹ máa mu ún bẹ́ẹ̀. Ogun ti jẹ òkèlè.”

Nítorí náà ni mo ṣe kéde láti etíkun títí dé òkè ọ̀hún: ẹ̀yin ìjọba tí òrùlé ìlú ń jò lé wa lórí, ẹ̀yin ìjòyè tí àpò ìlú ń jò lọ́wọ́ yín, ẹ yé fi ìpàdé dí ihò mọ́. Oúnjẹ ọ̀sán tiyín ni kẹ́ ẹ fi dí i, bí ẹ bá tó Akínkúnmi!