Ọba Adágún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn ọkùnrin yìí fún yín kí ẹ tó gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí. Kì í jalè, kì í mutí, kì í bá ìyàwó rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ ohunkóhun níwájú rẹ̀ kó má ní òun ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní òjò rọ̀ lánàá, yóò ní òun ti mọ̀ láti ìjẹta. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Fóònù ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń gba iná sí fóònù.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó fi ń pẹja lórí adágún. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ní òun yóò fa ọkọ̀ náà lé ẹnì kan nínú ilé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè sọ ibi tí ìwọ̀ rẹ̀ dé nínú omi ni.

"Ẹja kì í gbé òkè, kì í gbé ìsàlẹ̀ pátápátá," ni bàbá wí. "Ẹni tí kò mọ ibi tí ìwọ̀ rẹ̀ wà, omi lásán ló ń fọ̀."

Mo-ti-mọ̀ fẹ́ ọkọ̀ yìí bí ọmọ ṣe ń fẹ́ ọmú. Kí ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá fún ìdánwò náà tó pé, ó ti ra pákó kan tí yóò kàn mọ́ iwájú ọkọ̀. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ỌBA ADÁGÚN sí i, ó sì ti gbá ìṣó mẹ́rin wọ etí rẹ̀. Ṣebí ilé la ti ń kó ìlérí ròde.

Ó tún ra ẹ̀rọ kan tó máa ń fi ìsàlẹ̀ omi han èèyàn lójú gíláàsì. Nígbà tí wọ́n dé àárín adágún, òun àti bàbá àti Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀, ó tẹ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Kí ló ṣe é?" ni bàbá bi í.

"Iná inú rẹ̀ ló tán, Bàbá."

Ìyá Ìbejì wo ojú ọ̀run. Fóònù mọ́kànlélógún ló yó iná ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lánàá. Ohun èlò oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló febi sùn.

"Kò burú," ni bàbá wí. "Wọn kò bí èmi pẹ̀lú ẹ̀rọ." Ó mú ẹja ayédèrú kan jáde, onírin, kò ju àtàǹpàkò lọ, ìwọ̀ wà nídìí rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn ọ̀pá ìpẹja rẹ̀. "Ẹ wò mí. Mo ti so òkúta mọ́ okùn wọn ibí yìí rí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni. Mo jù ú. Bó bá ti kan omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí olùkọ́ ṣe ń ka ọmọ wọ kíláàsì."

Ó ń kà. Nígbà tó dé ẹ̀wá, okùn tó ń jáde lọ tẹ́lẹ̀ dẹ̀.

"Ó ti jókòó sílẹ̀ nìyẹn. Kíkà kan, ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ẹja bá wà ní méje, ẹ ka méje, kí ẹ wá máa ká okùn bọ̀. Ṣé ó yé yín?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá," ni àna rẹ̀ dáhùn.

Ìyá Ìbejì ń ka tirẹ̀ sínú. Ètè rẹ̀ ṣáà ń mì.

Mo-ti-mọ̀ ju tirẹ̀. "Ení. Èjì. Bàbá, èyí rán mi létí ẹja kan tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ta. Gígùn rẹ̀ tó ọkọ̀ yìí. Ẹ̀rin."

"Bàbá Ìbejì, ẹ ti sọ̀rọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Lóòótọ́, kó tó ka àrún, ìwọ̀ ti há sábẹ́ òkúta. Ó fà á títí okùn fi já. Bàbá fún un ní òmíràn, kò bá a wí.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó pa ẹnu mọ́, ó tẹjú mọ́ okùn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti dìde, Ìyá Ìbejì sì ti gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ rọra ń sún lọ sí etí omi, okùn sì ń jáde. Mo-ti-mọ̀ kà á dé ogún. Ó kà á dé ọgbọ̀n.

"Ó ṣì ń lọ sílẹ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. "Bàbá, ibí yìí kò nísàlẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ síbí, ìtàn rẹ̀ nìkan ni wọn óò máa sọ."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni bàbá wí. Ó wo koríko etí omi tó ti ń kan ìdí ọkọ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó di ogójì, okùn le gbagidi. Mo-ti-mọ̀ ní ẹja ti gbé e. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ó fà á, ọkọ̀ tẹ̀, ó sì ré bọ́ sínú omi.

"Mo kú o! Ìyá Ìbejì, bá mi tọ́jú àwọn ọmọ. Bàbá, ẹ dárí jì mí, ẹja tí mo gbé wá fún yín lóṣù tó kọjá, mo rà á ni!"

"Dìde," ni bàbá wí.

"Ilẹ̀ ò sí nísàlẹ̀, Bàbá."

"Àna mi, dìde."

Ó dìde. Omi dé orúnkún rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan fi ẹsẹ̀ rìn kọjá létí omi níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu ṣíwájú, ẹrẹ̀ ni yóò tẹ̀.

"Ìwọ̀ rẹ ti jókòó sílẹ̀ láti orí ẹ̀wá," ni bàbá ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́. "Ó ti há síbẹ̀. Ọkọ̀ ni atẹ́gùn ń gbé lọ, ọkọ̀ ló sì ń fa okùn jáde."

"Mo ti…" ni Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìyókù mì.

Wọ́n wa ọkọ̀ padà sí àárín. Ìyá Ìbejì gba ọ̀pá, ó jù ú, ètè rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn. Ẹja. Ó tún jù ú. Ẹja. Bàbá gbé àjẹ̀ méjèèjì lé e lórí itan, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì parí síbẹ̀.

Nílé lọ́jọ́ náà, Ìyá Ìbejì bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń ha ìpẹ́ ẹja. Ọkùnrin náà la ẹnu, ó pa á dé.

"Fi hàn mí," ni ó wí.

Ìyàwó rẹ̀ sì fi hàn án. Bí ẹ bá yà sílé ìdáná wọn lónìí, ẹ yí pákó tí wọ́n ń ha ẹja lórí rẹ̀ wò. Wọ́n ti yọ ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ṣùgbọ́n ẹ óò bá Ọba Adágún níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀.