Olùgbẹ́jọ́ Tí Kò Gbọ́ràn

Bó bá jẹ́ pé ìgbéraga ní í mú kí etí là ni, Gíwá ì bá máa gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà lórí òwú. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Etí-Ajá ló sọ ara rẹ̀. Kí-Lo-Wí ni àdúgbò ń pè é lẹ́yìn. Bí o bá ní, "Gíwá, òjò ń bọ̀ o," á ní, "Ta lò ń pè ní ojo?"

Ipò alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àdúgbò ló ṣófo tí Gíwá ní àfi òun. Àwọn àgbà ní kò burú, ṣùgbọ́n kó mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ dókítà etí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ta ni wọ́n bá ní yàrá ìdúró? Akọ̀wé àdúgbò, tó mú ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n bá a tún ẹ̀rọ etí rẹ̀ ṣe.

"Mo kàn yà kí dókítà ni," Gíwá sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó tutù bí omi àmù, mú un jókòó sí yàrá kékeré tí ariwo kì í wọ̀. Ó fi ohun ìgbọ́hùn bò ó létí, ó fi bọ́tìnnì kan sí i lọ́wọ́.

"Baba, ìgbàkígbà tí ẹ bá ti gbọ́ 'pín', ẹ tẹ̀ ẹ́."

Gíwá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa ìdun. Nígbà tó yá, dókítà ṣílẹ̀kùn.

"Baba, ìgbà méjìlélógójì lẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Ṣé o rí etí?"

"Mi ò tíì tan ẹ̀rọ, sà!"

"Ìyẹn ni mo ń wí. Mo ti gbọ́ ọ kó tó dún."

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò gidi. Etí méjèèjì ti lọ jìnnà. Dókítà mú un jáde wá sí ọ́fíìsì tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìdúró. Ó mú ẹ̀rọ etí méjì tí ò ju ẹ̀pà lọ, ó fi wọ́n sí i létí láìtíì tàn wọ́n, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà láti wọn ohùn tó máa bá a mu.

Gíwá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn láti sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ohùn tó fi ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀ta ọmọ ilé-ìwé ló jáde.

"DÓKÍTÀ MI, BÁ MI KỌ Ọ́ PÉ ETÍ MI PÉ PÉRÉPÉRÉ! ÒPÈ NI ÀWỌN ÀGBÀ WA. AKỌ̀WÉ WỌN GAN-AN Ò MỌ̀WÉ! BÍ MO BÁ TI DÉPÒ, ORÚKỌ RẸ NI MÀÁ FI SỌ ÒPÓPÓNÀ WA!"

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Ti Gíwá kì í kàn fọ́ o, ó ń ta sí gbogbo ilé lára.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!" Ọmọ rẹ̀ ti fọwọ́ bojú.

"Ọmọ mi náà fara mọ́ ọn," Gíwá sọ fún dókítà.

Dókítà tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ sì jí.

Gíwá gbọ́ fáànù. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín gbogbo yàrá ìdúró, àti ohùn ìyá arúgbó kan tó ń bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé ìwọ ni kò mọ̀wé yẹn?"

Akọ̀wé yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìkíni dókítà, sà. Èmi tí ò mọ̀wé ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí n kà á, kẹ́ ẹ bá mi wò ó bóyá mo ṣì í kọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọwọ́ Gíwá sáré lọ sí etí.

"Baba, ẹ má yọ ọ́ o," ni dókítà wí. "A ṣì ń dán an wò ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ wọn dáadáa?"

Ó ń gbọ́ wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò bọ́ sọnù.