Orí Ọmọ Kan Nídìí Ẹ̀rọ Bítíkọ́ìnì

Ta nínú yín ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́? Ẹ óò ní ayé àtijọ́ ni, ní ọjà kan nílẹ̀ wa. Irọ́ ni. Ìlú Winnipeg ni, ní Kánádà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ.

Ìyá Ṣíjúwadé, tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé níbẹ̀, ló dúró nídìí ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà jọ èyí tí a fi ń gba owó ní báńkì, àmọ́ gbígbé ni tirẹ̀ ń gbé owó mì. Bí o bá ki owó bébà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á sọ ọ́ di bítíkọ́ìnì, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a kì í fọwọ́ kàn, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni àmì onígun mẹ́rin tí o fi hàn án láti ojú fóònù. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Kò sí máníjà tó lè pè é padà.

Owó tí ìyá fẹ́ fi kan òrùlé ilé rẹ̀ ní Ìkìrun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde ní báńkì, ló wà nínú báàgì rẹ̀. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ọlọ́pàá ló ń darí rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá mi, àwọn olè ti wọ inú àkáǹtì yín. Inú ẹ̀rọ yìí nìkan ni owó yín ti lè là. Ẹ má ge fóònù, ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ ṣeun o."

Ó fi àmì tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ han ẹ̀rọ. Ó ki owó bébà kan. Bó ṣe fẹ́ ki èkejì ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì yà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó pọn ọmọ tuntun ń ṣa iṣu, orí ọmọ náà sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìbẹ́pẹ tó fẹ́ já.

"Yéè! Orí ọmọ!"

"Màmá, ẹ fi ọmọ sílẹ̀! Ẹ ki owó!"

"Ó tún ń wọ́ sí i!"

"Ẹ̀wọ̀n lẹ máa lọ o!"

"Tí mo bá tún orí ọmọ yìí ṣe tán, màá lọ."

Ó gbé fóònù lé orí àpò gàrí, ó di ọ̀já mú. "Ìyá ọmọ, bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Báyìí kọ́ la ṣe ń pọn ọmọ." Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ sókè, ó tún un dì. Ẹ̀rọ dúró títí, ó sú u, ó pa iṣẹ́ náà tì, ó sì pọ rìsíìtì owó bébà kan tó ti gbé mì jáde. Lórí àpò gàrí, ọlọ́pàá ń pariwo: "Ìyá yìí, ki owó! Àbí o ya wèrè ni?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà yíjú padà. "Màmá, ta ló ń bú yín?"

"Ọlọ́pàá ni."

"Ọlọ́pàá wo ló ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ? Gbájúẹ̀ ni! Ẹ ge fóònù. Ẹ mú rìsíìtì yẹn dání. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín la máa fi pe báńkì, ká tó lọ bá ọlọ́pàá gidi."

Ìyá gbé fóònù sétí. "Ọmọ mi, mi ò bínú. Ó jọ pé nígbà tí wọ́n pọn ìwọ lọ sọ́jà, kò sí àgbà níbẹ̀." Ó ge é.

Owó bébà kan yẹn kò tíì padà di òní, àmọ́ páànù ti ń dán lórí ilé ní Ìkìrun. Ẹ má rò pé nítorí ọmọ nìkan ni wọ́n ṣe pa òwe yẹn o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bó bá wọ́ tí àgbà kò tún un ṣe, òrùlé àgbà á bá a lọ.